Eré ìtàn nínú abúlé tó ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ogun: ẹ bá mi dá sí i

Ará Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ń darí eré ìtàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún nílé wa ní gbogbo Sátidé: eré orí tábìlì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ẹnì kan nínú ìtàn, tí èmi ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí a sì ń ju dáìsì. Odindi ọdún kan la fi ta eré ogun, a jà títí, ogun sì parí. Mo wá kó wọn dé abúlé kan tí ogun ti jó, tí àwọn ará ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú igbó àti àgọ́ bọ̀ wá sílé. Ahoro là ń pe ibẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá ni ògiri wọn ṣì dúró, kò sí ọ̀kan tó ní òrùlé. Iwin wà nínú igbó ẹ̀yìn odò, ìrókò tó wà lójúde baálẹ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ lóru. Lójú tèmi, ó yẹ kó dùn.

Ìjókòó mẹ́ta la ti ṣe. Nínú ìkẹta, ẹni tó ń ṣe jagunjagun nínú wọn gbé dáìsì rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo la ó ti jà báyìí?" Àwọn yòókù ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a wí. Mi ò fẹ́ máa kó ẹranko abàmì wá fún wọn láti pa torí kí wọ́n má bàa sùn. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ abúlé yìí ká wọn lára bó ṣe ká mi lára. Ẹni tó bá ti darí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọ̀ta Ayò kọ:

Àbúrò, má bínú sí jagunjagun rẹ. Inú eré ogun ni irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Gary Gygax àti Dave Arneson tí wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974, ẹni tó ń to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin fi kún fún idà àti ọgbẹ́. Ohun tí wọ́n bá sì ń kà nínú eré ni ojú àwọn tó ń ta á máa ń wà lára ẹ̀. Nínú ayò, ọmọ ayò là ń kà, ọmọ ayò náà la sì ń lé. Tó bá jẹ́ ọgbẹ́ nìkan lò ń kà, ọgbẹ́ ni wọ́n máa wá.

Nítorí náà, wá nǹkan míì tí wọ́n máa kà. Ra ìwé kan, kọ nǹkan mẹ́rin péré sí i: iye ẹnu tó ń jẹun ní Ahoro, iye ọjọ́ tí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ lè gbé wọn, iye ilé tó ti ní òrùlé, iye ebè tó wà lóko. Máa kà á sókè kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì gbé e sí àárín tábìlì kí gbogbo wọn lè máa rí i. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé á sú àwọn tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹ̀ kí n tó tú bàtà.

Ní ti òjò, dáìsì lúdò méjì ti tó. Ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà ṣubú. Mẹ́fà nínú ẹ̀ ló ń fún wa ní 7, ẹyọ kan ló ń fún wa ní 2, ẹyọ kan ló ń fún wa ní 12. Fi 7 ṣe òjò tó ṣe déédéé, fi 2 ṣe ọ̀dá, fi 12 ṣe àgbàrá tó ń wó ògiri. Má lo dáìsì olójú 20 fún èyí. Ojú 20 yẹn dọ́gba, ọ̀dá á kàn máa wá bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Ọmọ Olóko kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ibi ebè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúró sí.

Ará Ìbàdàn, oṣù wo ni wọ́n dé Ahoro? Tí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, èyí ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ January, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà yẹn sì ni wọ́n ń ṣánko tí wọ́n ń kọ ebè. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń mọ ilé, torí ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri amọ̀: wọ́n á mọ ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bo ilé náà kí òjò tó dé. Ọwọ́ tó ń kọ ebè náà ló máa po amọ̀. Èwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe? Ìjà ńlá nìyẹn, jagunjagun rẹ á rí nǹkan sọ.

Òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní March tàbí April, wọ́n á gbin àgbàdo, á di jíjẹ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Iṣu tuntun di July, August. Láàárín ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá rù wá láti àgọ́ ni wọ́n máa jẹ.

Nínú eré tèmi, obìnrin opó kan ru agbọ̀n iṣu kan wọ abúlé. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe èbù. Kò sí iṣu míì tí wọ́n lè gbìn ní gbogbo ìlú náà. Ọmọ obìnrin yìí méjì ń gbọ̀n fún ebi. Ṣé ká sè é ni, àbí ká gbìn ín? Wákàtí méjì gbáko la fi wà lórí agbọ̀n yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì. Ẹnì kan ní ká sè é, ẹnì kan ní ká fi ẹ̀ṣọ́ tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu, ó dákẹ́ látìgbà náà. Ó wá ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ṣebí orí iṣu là ń gbìn. Ẹ gé orí ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ se ìdí ẹ̀ fún àwọn ọmọ." Gbogbo wa pariwo! Inú ìwé òfin kọ́ ló ti rí i, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti mú un bọ̀. Kò tún sí ẹni tó sọ pé kò sí ìjà nínú eré yẹn mọ́.

Ẹ má gbàgbé àáró. Ọjọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ lóko rẹ, gbèsè ọjọ́ kan ni o jẹ mí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ẹni tó bá jẹ gbèsè àáró tí kò wá san án, ẹ jẹ́ kí abúlé fojú ẹ̀ rí nǹkan.

Onídà kọ:

Mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà jagunjagun yẹn díẹ̀. Ọdún kan ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà. Tẹ́ ẹ bá gba idà lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jà, àmọ́ kí ìjà náà wọ inú ìwé Ọ̀ta Ayò. Ẹni tí wọ́n bá ṣá lápá kò ní lè kọ ebè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá kú, ọwọ́ kan dín. Àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gá wọn ti kú, tí wọn ò ní oko, tí wọn ò mọ iṣẹ́ míì ju ìbọn lọ, wọ́n ń jẹko káàkiri. Kí ni Ahoro máa ṣe fún wọn? Ẹ lè pa wọ́n. Ẹ sì lè fún wọn lọ́kọ́.

Ọ̀ta Ayò kọ:

Onídà, òótọ́ lo sọ. Mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Olùkọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Mi ò ta irú eré yìí rí, ọmọ mi ló ń ta á, òun ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, mi ò sì lè sùn láìdá sí i.

Ọmọ Ìbàdàn kì í wá abúlé lẹ́yìn ogun lọ sọ́nà jíjìn. Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn, àgọ́ ogun ni kó tó di ìlú. Ẹ wo Kírìjì. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ wà lápá kejì, wọ́n dojú kọ ara wọn ní ìhà Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìparí àwọn ọdún 1870. Ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ. September 23, 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ṣùgbọ́n 1893 ni àgọ́ tó tú pátápátá. Ọdún méje ni ìwé ti ní kò sógun mọ́, tí àwọn ọmọ ogun ṣì wà níbùdó!

Ẹ gbé Ahoro sí àárín ọdún méje yẹn. Ṣé kí wọ́n tún odi ìlú mọ, kí wọ́n tún yàrà gbẹ́, àbí kí wọ́n fi agbára yẹn kọ ebè? Tí wọ́n bá mọ odi, ìlú kejì á ní ìjà ni wọ́n ń múra ẹ̀. Tí wọn ò bá mọ ọ́n, ta ni yóò sùn? Ẹ ò nílò ẹranko abàmì kankan níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe àwọn ará Ahoro bí ọmọ ìyá kan. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn dé abẹ́ Olúmọ, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ogun ti lé wọn wá. Wọn ò sì sọ orúkọ ìlú wọn nù. Aké, Ìjẹùn, Ìtokò, gbogbo ẹ̀ ló di àdúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà títí dòní. Òwu náà dé bá wọn lẹ́yìn náà. Olórí wo ló máa pín ilẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni, àbí ẹni tí ògiri bàbá rẹ̀ ṣì dúró?

Gbèsè tún wà. Ẹni tó yá owó ra ìbọn àti ètù nígbà ogun, olówó rẹ̀ ò ní gbàgbé torí pé àlàáfíà dé. Tí kò bá rí owó san, ọmọ rẹ̀ lè lọ ṣe ìwọ̀fà, kó máa sin olówó títí gbèsè á fi tán. Iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé lásán ni, kò dín owó kù. Ẹ ka owó náà ní owó ẹyọ: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù gidi ni, èèyàn ló máa rù ú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rù ú gba inú igbó iwin yín kọjá, ẹ ó rí i bí ọmọ kan ṣe wọ́n tó.

Ohun tó kù ni ti àwọn tó ń padà bọ̀. Ọmọdé ni Àjàyí Crowther nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ìgbà tó máa tún fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ó ti di 1846. Ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ìkankan wọn. Tí mo bá dé ibẹ̀ nínú kíláàsì, mo máa ń dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dé ẹnu bodè Ahoro, kó ní ọmọ ibẹ̀ lòun, kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ilà ojú rẹ̀ lè jẹ́ ti ibòmíràn, torí ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó kó o ni wọ́n ti kọ ọ́ fún un. Kí ló kù tí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n? Oríkì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju dáìsì láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn fẹnu ara wọn pinnu.

Ará Ìbàdàn kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Iwin àti ìrókò mi wá ń ṣe mí bíi pé wọn ò wúlò mọ́. Ṣé kí n yọ wọ́n ni?

Ará Peckham kọ:

Má yọ ọ́ o! Eré àlọ́ ni, ohun àrà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kàn jẹ́ kí ohun àrà náà fẹ́ ohun kan lọ́wọ́ abúlé.

Àwa mẹ́rin là ń ta tiwa níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, orí tábìlì ilé ìdáná mi. Nínú tiwa, ogun jó ẹ̀kú eégún ìlú. Àwọn tó kú sógun ò rí aṣọ wọ̀ wá sóde, ni wọ́n bá ń rìn kiri lóru, wọ́n ń kan ògiri àwọn ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ. Ẹ mọ̀ pé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n ń tò lé ara wọn láti fi rán ẹ̀kú, ìdílé ló ń kó o jọ. Ó di dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan mú aṣọ kan wá. Ilé kan ní aṣọ ìgbéyàwó ìyá wọn nìkan ló kù, obìnrin náà kú sọ́nà. Ilé kan ò bá ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, torí wọ́n ní àwọn yẹn ló ṣí bodè fún ọ̀tá, wọn ò fẹ́ kí aṣọ wọn kan ara wọn. Oṣù mẹ́rin la fi rán ẹ̀kú kan. Ọjọ́ tí eégún yẹn jáde, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bí síbí, tí kò rí eégún lójú rí, dìde lórí àga.

Bèèrè lọ́wọ́ ìrókò rẹ: kí ló rí lọ́jọ́ tí wọ́n jó abúlé? Òun nìkan ló wà ńbẹ̀ tí kò sá.

Ìyá Ìbejì kọ:

Àbúrò, mo fẹ́ sọ èyí jẹ́jẹ́.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni mí. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti 1997 sí 2000 bá mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a padà sílé, wọ́n ti ká páànù orí ilé lọ, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn lọ. Òjò ti ń rọ̀ sínú ilé, símẹ́ńtì ilẹ̀ ti sán, gbúre sì ti hù kún pálọ̀ wa, ó tutù yọ̀yọ̀. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń já gbúre náà sínú abọ́. Òun la fi jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ń wo ìràwọ̀ láti inú ilé.

Ọmọ Ifẹ̀ ni ọkọ mi. Àwa méjèèjì la jọ ń ta eré ìtàn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ìgbà kan wà tí ẹni tó ń darí wa ṣàdédé ṣàlàyé bí iná ṣe ń jó ilé kan tí ọmọdé wà nínú ẹ̀. Kò mọ̀, mi ò dá a lẹ́bi. Mo kàn dìde, mo lọ dúró ní báńkónì. Ọkọ mi wá bá mi, kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, kó o tó bẹ̀rẹ̀, pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márààrún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bi í pé kí ni kò fẹ́ gbọ́ lórí tábìlì. Má bi í pé kí ló dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ lúdò pupa kan sí àárín tábìlì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ibi tí ìtàn dé yẹn parí síbẹ̀, ẹ mú ibòmíràn, kò sí ìbéèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti fọwọ́ kàn án ní ọ̀dọ̀ tiwa. Àmọ́ torí pé ó wà níbẹ̀, a lè sọ ohun tó jinlẹ̀.

Kó o sì fi gbúre sínú eré rẹ fún mi. Ogun máa ń fi nǹkan tó ṣeé jẹ sílẹ̀ nígbà míì.

Ará Ìbàdàn kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Gbúre ti wà níbẹ̀.

Ará Ìbàdàn kọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo bi àwọn márààrún léèrè bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ẹni tí mi ò fọkàn sí rárá ló sọ ohun tí mi ò mọ̀ nípa ẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ tá a ti ń ṣọ̀rẹ́. Inú mi dùn pé mo bi í.

Mo ra ìwé, mo sì gbé e sí àárín. Ẹnu 63, ilé mẹ́ta tó ní òrùlé, ebè 400, oúnjẹ ọjọ́ 12. Mo fi jagunjagun ṣe oníbodè. Ó kọ́kọ́ rò pé mo fi ń tù ú nínú ni.

Lánàá, mo mú ọkùnrin kan dé ẹnu bodè ní ìrọ̀lẹ́. Agbọ̀n wà lórí ẹ̀, orí iṣu mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Ilà ojú ẹ̀, ilà àwọn tó jó Ahoro ni. Ó ní nílé alámọ̀ ni wọ́n ti bí ìyá òun. Àwọn mẹ́ta nínú wọn ní kó máa lọ. Ọ̀kan ní amí ni, kí wọ́n dè é. Jagunjagun ní kí wọ́n lọ pe ìyá àgbà ilé alámọ̀ wá ná. Mo ṣe ìyá àgbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wọn, mo sì dánu dúró láàárín, mo ń wojú ọkùnrin náà. Kò mọ ìyókù. Ìlà méjì péré ló mọ̀, àwọn tí ìyá fi ń jí ọmọ láàárọ̀, ó sì ń sọ wọ́n bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́, ó ṣì wọ́n pè níbì kan. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ fún wọn bóyá òótọ́ ni.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n mú iná lọ láàárín ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Jagunjagun tan iná fóònù ẹ̀, ó fa ìwé náà mọ́ra, ó fagi lé 63, ó kọ 64 síbẹ̀. Kò bi àwọn yòókù. Àwọn kan ti ń bínú sí i nínú gúrúùpù WhatsApp wa láti àárọ̀ yìí, àwọn kan wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀ta Ayò kọ:

Oúnjẹ ọjọ́ mélòó ló wá kù?

Ará Ìbàdàn kọ:

Mẹ́sàn-án. Òjò ò sì tíì rọ̀.